Earthing tí wọ́n ní kí n fi tẹ́máìtì jó: ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ bá mi dá sí i

ỌmọÀjíléteSólà, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Iṣẹ́ sólà àti earthing (síso ilé mọ́ ilẹ̀ kí àrá àti iná tó ṣìnà lè rọ̀ sílẹ̀) ni mò ń ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń fi yìnyín pa ẹja mọ́. Pánẹ́ẹ̀lì sólà wà lórí òrùlé, ọ̀pá tí ń gba àrá wà lókè rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí n ri earth rod mẹ́fà mọ́lẹ̀ yí ilé náà ká, kí n fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀. Ìwé iṣẹ́ tí ẹnjiníà wọn fún mi sọ pé gbogbo oríkèé tó bá máa wà lábẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ exothermic.

Kíláàǹpù ni ọ̀gá mi kọ́ mi, òun náà ni mo ń lò láti ọjọ́ yìí. Mo ti wo fídíò èyí tí wọ́n ń sọ: wọ́n da páúdà sínú nǹkan dúdú kan, wọ́n ṣáná sí i, iná rú jáde, nígbà tí wọ́n ṣí i, wáyà àti rod ti di ọ̀kan. Kí ni nǹkan yìí gan-an? Ṣé tẹ́máìtì tí wọ́n fi ń jó ojú irin rélùwéè náà ni? Ṣé kíláàǹpù tó dáa kò lè ṣe é ni? Ẹnìkan ní Sábó ní òun lè bá mi po páúdà náà, pé ìpẹtà irin àti ìyẹ̀fun alumíníọ́mù lásán ni, owó rẹ̀ á sì dín sí ti èyí tí wọ́n ń tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀ kí n tó náwó oníṣẹ́.

BàbáWẹ́dà, Táákíẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ mi, kí àwọn yòókù tó sọ̀rọ̀: má jẹ́ kí ará Sábó yẹn po ohunkóhun fún ọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jó irin, n kò sì ní fi bò fún ọ. Páúdà tí ẹnìkan jókòó pò nílé kì í ṣe ohun èlò iṣẹ́. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, màá padà wá nírọ̀lẹ́.

TíṣàKẹ́mísírì, Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú nǹkan dúdú yẹn kò ní nílò ìkìlọ̀ púpọ̀ mọ́.

Irin tó ti gba ọ́síjìn mọ́ra ni ìpẹtà. Òkúta irin tí àwọn baba ńlá wa ń wà nílẹ̀ náà nìyẹn, irin àti ọ́síjìn ló so mọ́ra níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba irin jáde gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn tó fẹ́ràn ọ́síjìn ju irin lọ, kí ó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú iléru àtijọ́, irú èyí tí wọ́n lò ní Ìsundunrin lẹ́bàá Ẹjigbò, èédú ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Èédú ń jó, gáàsì tó ń ti ara rẹ̀ jáde ń gba ọ́síjìn kúrò lára òkúta, irin ń ṣẹ́kù, ìdàrọ́ (pàǹtí tó yọ́) ń ṣàn lọ. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi ń da èédú sí i.

Alumíníọ́mù fẹ́ràn ọ́síjìn ju èédú lọ fíìfíì. Bí ìyẹ̀fun rẹ̀ bá wà pọ̀ mọ́ ọ́ksáídì irin (irin tó ti gba ọ́síjìn mọ́ra), tí ooru tó le tó bá sì kàn wọ́n, ó máa já ọ́síjìn gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ooru tó ń tú jáde nígbà náà ń mú kí gbogbo rẹ̀ gbóná tó nǹkan bí 2,500 lórí ìwọ̀n Celsius. Irin ń yọ́ ní 1,538, bàbà ń yọ́ ní 1,085. Nítorí náà ohun tó kù nísàlẹ̀ kì í ṣe ìyẹ̀fun mọ́, omi irin ni. Alumíníọ́mù tó gba ọ́síjìn ti di ìdàrọ́. Ìdàrọ́ yìí fúyẹ́ ju omi irin lọ, ó ń léfòó sókè, irin ń rọ̀ sísàlẹ̀. Wọ́n yà sọ́tọ̀ fúnra wọn láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, láìsí NEPA, láìsí jẹnẹrétọ̀, láìsí sílíńdà gáàsì.

Ibi tí agbára yẹn ti wá ló wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iná mọ̀nàmọ́ná ni wọ́n fi ń yọ alumíníọ́mù kúrò nínú òkúta tirẹ̀, láti 1886 ni ọ̀nà yẹn sì ti wà. Iná tí wọ́n ná lé e lórí ní ilé iṣẹ́ ló ṣì wà nínú ìyẹ̀fun náà tó ń dúró de ẹni tó máa tú u sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gbé páúdà yẹn, ẹ mọ̀ pé iná lẹ gbé dání.

Hans Goldschmidt, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, ló gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà yìí ní 1895. Irin bíi kírómíọ́mù àti mangáníìsì tí kò ní èédú nínú ló ń wá. Ó rí i pé ohun tí òun ń ṣe lè jó irin pọ̀, ní 1899 wọ́n sì fi jó ojú irin ọkọ̀ inú ìlú ní Essen, ní Jámánì.

Ní ti ìbéèrè yín: ìbátan ni tẹ́máìtì rélùwéè àti èyí tí ẹnjiníà yín ń bèèrè, wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ọ́ksáídì bàbà ló wà nínú ti earthing, omi bàbà ló sì ń fi sílẹ̀. Charles Cadwell ló gbé e jáde ní Cleveland, Amẹ́ríkà, ní 1938, fún síso wáyà mọ́ ojú irin. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ará Sábó yẹn nísinsìnyí. Ká ní gbogbo nǹkan lọ bó ṣe fẹ́, tí kò sí ẹni tó jóná, irin ni ìpẹtà rẹ̀ máa fi sílẹ̀ lára bàbà yín. Irin lára bàbà nínú ilẹ̀ tútù, irin yẹn ni ìpẹtà máa jẹ run. Iṣẹ́ tí ẹ gbowó fún ti bàjẹ́ kí ẹ tó bo ihò.

ỌmọÀjíléteSólà

Háà! Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ ti irin àti bàbà yẹn fún mi rí. Mo ti pe ará Sábó, mo ní kó fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kíláàǹpù ṣì kù. Ojúlówó kíláàǹpù bàbà ni mo ń rà, mo sì ń fún un le.

ÌyáÌbejìẸnjiníà, Ògbómọ̀ṣọ́

Àbúrò, kò sí àbùkù nínú kíláàǹpù tó dáa tó wà níbi tí ojú ti lè rí i. Inú kòtò àyẹ̀wò tó ní ìdérí, níbi tí o ti lè ṣí i wò lọ́dọọdún kí o sì tún un dè, èmi náà ń lo kíláàǹpù níbẹ̀. Kódà, ó yẹ kí oríkèé kan wà tí o lè tú, kí o lè wọn rod kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àwọn tí o fẹ́ sin pátápátá ni ẹnjiníà yẹn ń bá wí, òótọ́ ló sì sọ.

Bóòtì ló di kíláàǹpù mú. Ilẹ̀ wa níbí ń gbẹ gan-an ní ọ̀ẹ̀rùn, ó ń rin gbingbin ní òjò. Bàbà ń gbóná, ó ń tutù, ó ń fẹ̀, ó ń sún kì. Bóòtì ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi ń wọ àárín wáyà àti kíláàǹpù, awọ aláwọ̀ ewé ń hù síbẹ̀, iná kò sì rí ibi tó dáa gbà mọ́. Lójú, ó ṣì dà bíi pé wọ́n so mọ́ra. Ọjọ́ tí àrá bá sán lu ọ̀pá òkè ni wọ́n máa mọ̀, torí pé àrá lè gbé 30,000 áḿpíà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba ojú wáyà yẹn kọjá ní ìṣẹ́jú kí a ṣẹ́jú. Gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti há ni ooru máa kó jọ sí.

Èyí tí wọ́n fi páúdà jó kò ní àárín. Bàbà wáyà àti bàbà ara rod ti yọ́ wọnú ara wọn. Ibi tí ìyàtọ̀ yẹn ti hàn jù ni ìṣirò àwọn tó ń ṣe earthing fún ibùdó iná ńlá. Oríkèé oníbóòtì, wọn kì í gbà kó gbóná ju 250 sí 350 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Èyí tí wọ́n fi irin yíyọ́ lẹ̀ pọ̀ (brazing), bíi 450. Oríkèé exothermic ní tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣírò odindi wáyà ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀, títí dé ibi tí bàbà fúnra rẹ̀ máa yọ́. Ìyẹn ni pé wáyà á kọ́kọ́ já kí oríkèé tó jọ̀wọ́. Òṣùwọ̀n IEEE 837, ti ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà iná mọ̀nàmọ́ná, wà fún dídán oríkèé irú èyí wò, bi ẹni tó ń ta mọ́ọ̀dù (nǹkan dúdú inú fídíò yẹn) fún ọ bóyá ọjà rẹ̀ yege níbẹ̀.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í sọ fún oníbàárà, mo sì fẹ́ kí o sọ fún tìrẹ: oríkèé dáadáa kì í sọ ilẹ̀ burúkú di rere. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, tí àpáta bá wà lábẹ́, bó ṣe wà káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́, exothermic kò ní dín ohun tí earth tester (ẹ̀rọ tí a fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà) kà kù. Rod tó lọ jinlẹ̀ ló ń dín in kù, àti rod tó jìnnà síra wọn. Ó kéré tán, jẹ́ kí àárín rod méjì tó gígùn rod kan. Fún àrá, àbá òṣùwọ̀n àgbáyé ni kí ohun tí tester kà wà lábẹ́ 10 ọ́ọ̀mù. Ìgbà ọ̀ẹ̀rùn ni kí o lọ wọ̀n ọ́n, torí èyí tí o bá wọ̀n nínú òjò yóò tàn ọ́.

Ẹgbọ́nRélùwéè, Ìbàdàn

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Akẹ̀sán nílé, ojú irin ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Rélùwéè àtijọ́ gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, kò yà sí Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ rárá, nítorí náà ó lè jẹ́ pé ọ̀pọ̀ yín kò tíì fojú rí èyí tó tóbi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ.

Orí irin méjì kì í kan ara wọn. Wọ́n ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn, nǹkan bíi 25 mílímítà fún irú èyí tó wọ́pọ̀. Wọ́n á tọ́ orí méjèèjì gbọọrọ, wọ́n á gbé e sókè díẹ̀, torí pé ibi tí wọ́n bá jó máa ń sún kì tó bá ń tutù, tí wọn kò bá gbé e sókè, kòtò ló máa kù lórí irin. Wọ́n á fi mọ́ọ̀dù oníyanrìn bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n á fi amọ̀ dí gbogbo ojú ihò. Lẹ́yìn náà ni iná gáàsì, tí wọ́n á fi yan orí irin méjèèjì títí wọ́n á fi pọ́n. Kì í ṣe àfikún lásán ni yíyan yẹn. Bí omi irin bá dé ara irin tútù, ó máa dì kó tó lẹ̀, ọ̀rinrin tó bá sì wà nínú yanrìn á di èéfín, á sì lu omi irin náà ní ihò.

Ìkòkò ìyọ́rin wà lókè mọ́ọ̀dù. Wọ́n á ṣáná sí i, gbogbo èèyàn á sún sẹ́yìn. Kì í tó ìṣẹ́jú kan tí ìsàlẹ̀ ìkòkò fi ń ṣí, omi irin á rọ́ wọlé, ìdàrọ́ á kún sókè, èyí tó bá pọ̀jù á ṣàn sínú àwo ẹ̀gbẹ́. Àwo yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ. Mo tún un sọ: ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n á tú mọ́ọ̀dù, wọ́n á fi ẹ̀rọ gé èyí tó yọ sókè nígbà tó ṣì pọ́n, wọ́n á wá fi gíráíńdà pọ́n orí rẹ̀ títí táyà rélùwéè kò fi ní mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀.

Ohun tí Tíṣà kò sọ ni pé irin mímọ́ tí tẹ́máìtì ń mú jáde rọ̀ jù fún ojú irin. Ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́ bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ ń fi mangáníìsì àti èédú ìwọ̀nba sí i kó lè le bí irin tó yí i ká. Wọ́n tún ń fi irin wẹ́wẹ́ sí i kí ó fa ooru díẹ̀ mọ́ra, kí iná náà má ya wèrè jù. Nítorí náà irú irin tí wọ́n ń jó ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mú páúdà. Ohun tí ẹnìkan ń pò ní ẹ̀yìnkùlé, kò lè mọ èyí láéláé.

BàbáWẹ́dà

Mo ti dé. Ẹ kú ọ̀rọ̀, Tíṣà ti sọ ìdí tí mo fẹ́ sọ, ó sì sọ ọ́ jù mí lọ. Èyí tó kù fún mi nìyí.

Ọmọ mi, ìpẹtà tí èèyàn gbá jọ nílẹ̀ ní omi nínú. Ìpẹtà òjò kì í gbẹ tán, omi wà nínú ara rẹ̀ gan-an. Omi àti nǹkan yìí kì í gbé ilé kan náà. Bí ó bá kan omi, ooru rẹ̀ á sọ omi di èéfín lẹ́ẹ̀kan náà, á tú dànù bí ìbọn, omi irin á fò mọ́ ojú àti ara. Bí ó bá ti gbiná, má bomi sí i láéláé. Ó gbé ọ́síjìn tirẹ̀ dání, kò nílò afẹ́fẹ́ wa, kò sí ohun tó máa pa á. Yanrìn gbígbẹ ni kí o ti ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fi ká a mọ́, kí o sì jẹ́ kó jó tán.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ kan ti ń bi mí bóyá a lè fi jó géètì àti bọ́dì ọkọ̀. Rárá o. Páìpù géètì fẹ́lẹ́, á yọ́ dànù kó tó lẹ̀. Ohun tó nípọn ni tẹ́máìtì wà fún: ojú irin, ọ̀pá irin ńlá, irin ìdí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń tún un ṣe láyé ọjọ́un. Bí ọ̀pá ẹ̀rọ ìlọ̀ bá dá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, gé e ní ẹnu gígùn, yan án, fi electrode tí hádrójìn rẹ̀ kéré jó o, kí o sì bò ó kó rọra tutù. Má wá tẹ́máìtì kiri nítorí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́LAUTECH

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bàbá. Ọdún kẹrin ni mo wà, mo sì fẹ́ fi èyí ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi. Ṣé n kò lè pò ó níwọ̀nba kékeré nínú yàrá mi ní Under G láti kọ́kọ́ wò ó?

TíṣàKẹ́mísírì

Ẹ má pò ó níbì kankan, bó ti wù kó kéré tó. Ohun tó tó ìwádìí wà nínú oríkèé fúnra rẹ̀. Ẹ gba oríkèé mélòó kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, ẹ gé e sí méjì, ẹ dán ojú rẹ̀, ẹ wo ihò inú rẹ̀ nínú máíkíróskóòpù, ẹ wọn bí iná ṣe ń gbà á kọjá, ẹ sin díẹ̀ nínú ilẹ̀ tútù pẹ̀lú kíláàǹpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ hú wọn fiwé ara wọn. Iṣẹ́ tó máa wúlò fún gbogbo wa nìyẹn. Ẹ bá olùkọ́ yín sọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́LAUTECH

Ti fífi wé kíláàǹpù yẹn dáa gan-an, sà. Mo dúpẹ́.

ỌmọÀjíléteSólà

Mo ti wá gbà. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é lórí iṣẹ́ gan-an, torí fídíò yẹn yá jù.

ÌyáÌbejìẸnjiníà

Ó dáa. Nǹkan dúdú tí o rí yẹn, mọ́ọ̀dù gírááfáìtì (irú èédú tó wà nínú pẹ́ńsùlù) ni. Kò sí mọ́ọ̀dù gbogbonìṣe. Èyí tí wọ́n gbẹ́ fún wáyà 70 mm² àti rod 16 mílímítà, òun nìkan ló lè ṣe. Bí o bá fi wáyà tó tín-ín-rín sí i, omi bàbà á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jò jáde. Nítorí náà, mọ iye wáyà àti rod rẹ kí o tó lọ sọ́jà, kí o sì mọ bí wọ́n ṣe máa pàdé: ṣé wáyà máa gba orí rod kọjá ni, àbí orí rẹ̀ ló máa dúró síbẹ̀. Mọ́ọ̀dù kan lè ṣe oríkèé bí 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bí o bá tọ́jú rẹ̀. Gírááfáìtì rọ̀, má fi irin ha inú rẹ̀. Rod mẹ́fà ni o ní, wá ẹni tó ní mọ́ọ̀dù tí yóò yá ọ tàbí tí yóò bá ọ ṣe é, kí o tó ra tìrẹ.

Páúdà inú ike tí ilé iṣẹ́ dí pa ni kí o rà. Ìwọ̀n rẹ̀ wà lára ike, ó sì gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà ara mọ́ọ̀dù mu. Má da ìdajì ike kan mọ́ òmíràn, má sì fi èyí tó ti gba ọ̀rinrin ṣiṣẹ́.

Bí ojú wáyà bá ṣe mọ́ tó ni oríkèé máa ṣe dáa tó. Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí ó fi dán yọ̀ọ̀, nu epo àti amọ̀ kúrò. Bí orí rod bá ti fẹ̀ nítorí òòlù tí o fi rì í, gé e kúrò, torí kò ní jẹ́ kí mọ́ọ̀dù pa ẹnu dé. Wáyà tó bá tútù nínú, fi iná gáàsì yan án.

Yan mọ́ọ̀dù náà kí o tó bẹ̀rẹ̀, kódà bí ó bá dà bíi pé ó gbẹ. Gírááfáìtì ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Ibí yìí ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń kánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á ṣe àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ pẹ̀lú mọ́ọ̀dù tútù, oríkèé á kún fún ihò bíi kànìnkànìn, wọ́n á ní páúdà ni kò dáa.

Kó wáyà àti rod sínú mọ́ọ̀dù, fi ọwọ́ irin rẹ̀ dì í kó le. Fi pẹlẹbẹ irin tín-ín-rín sí ìsàlẹ̀ ibi tí páúdà máa wà. Òun ló ń dá páúdà dúró. Tí bàbà bá yọ́ tán, á yọ́ pẹlẹbẹ náà, á sì rọ̀ sórí wáyà. Da páúdà sí i, pa ìdérí dé. Dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, má dúró níwájú ẹnu rẹ̀, ìbọ̀wọ́ aláwọ lọ́wọ́, gíláàsì lójú, aṣọ òwú gígùn lára, má wọ ọ̀rá. Fi ìṣáná rẹ̀ tan án, kí o gbé ọwọ́ kúrò kíá. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tó fi ń parí. Dúró títí bàbà á fi dì dáadáa kó o tó ṣí i, nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú. Ìdàrọ́ orí rẹ̀ ṣì gbóná gan-an, má fọwọ́ kàn án, má jù ú sínú koríko.

Kí o tó ṣáná, wo àyíká. Kò gbọdọ̀ sí dísù, kò gbọdọ̀ sí sílíńdà gáàsì, kò sì gbọdọ̀ sí yàrá bátìrì nítòsí, torí àwọn bátìrì kan ń tú hádrójìn, gáàsì tó ń gbiná, sílẹ̀. Bí o bá máa jó wáyà mọ́ òpó tí wọ́n fi síǹkì pa, fi gíráíńdà pa síǹkì náà rẹ́, kí o wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Èéfín síǹkì ń fa ibà. Wáyà alumíníọ́mù kò gbọdọ̀ wọnú mọ́ọ̀dù bàbà.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ha ìdàrọ́ kúrò kí o wo ojú oríkèé. Ó yẹ kó pọ́n bíi wúrà tàbí idẹ, kó kún bo wáyà tán, kó sì yọ díẹ̀ sókè. Fi òòlù lù ú, kò gbọdọ̀ mì. Bí o bá rí okùn wáyà tó yọ síta, tàbí ihò tó jinlẹ̀, gé e kúrò kí o tún un jó. Má fi yẹ̀pẹ̀ bò ó.

BàbáWẹ́dà

Ẹ kú làákàyè, Ìyá Ìbejì. Kí àwọn ọmọ iṣẹ́ ka ibi mọ́ọ̀dù yẹn ní ẹ̀ẹ̀mejì.

ỌmọÀjíléteSólà

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ohun méjì ló kù tí mo fẹ́ bèèrè. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ báyìí, omi sì ń wọ ihò tí mo gbẹ́. Èkejì, a máa ń da iyọ̀ àti èédú sí ìdí rod láti fi mú kí ilẹ̀ gba iná. Ṣé kí n dà á síbi oríkèé tuntun yìí?

Ẹgbọ́nRélùwéè

Ní ti òjò, àwa ń ta ọ̀rá tàpólì sórí ibi iṣẹ́, a ò sì ní ṣáná bí omi bá ṣì wà nísàlẹ̀. Gbọ́n omi kúrò, da yanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ihò náà kó nípọn, kí bàbà tó bá jò má bàa kan omi. Bí òjò bá ṣú, dúró. Kò sí oníbàárà tó tó kí ojú rẹ fọ́ nítorí rẹ̀.

ÌyáÌbejìẸnjiníà

Fi iyọ̀ sílẹ̀. Òjò á fọ̀ ọ́ lọ láàárín àkókò díẹ̀, ohun tí tester kà á padà gòkè. Kó tó lọ, á ti ran ìpẹtà lọ́wọ́ lára rod, torí irin ló wà nínú rod rẹ, bàbà kàn bò ó lórí ni. Wá bẹ́ńtónáìtì, amọ̀ tó ń mu omi tó sì ń dì í mú. Pò ó mọ́ omi, dà á yí rod ká lẹ́yìn tí o bá ti wo oríkèé tán tó sì ti tutù. Kí o tó bo ihò, ya fọ́tò oríkèé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rod lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí ẹnjiníà wọn. Bí o bá rí ẹni tó máa yá ọ ní mọ́ọ̀dù, fi wáyà tó ṣẹ́kù ṣe ọ̀kan fún ìdánwò kí o tó dé orí rod, gé e sí méjì, kí o wo inú rẹ̀.